Irọ́ Tí Mo Fi Sínú Sáfà Ọmọ Mi

Oúnjẹ ọmọ mi ti ń há mi lọ́fun láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Kì í ṣe pé kò dùn o! Pupuru rẹ̀ funfun, ọbẹ̀ marúgbó rẹ̀ ń ta sánsán, ẹja inú rẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Èmi tí mo ti fi omi tútù mu gààrí lórí àpò sìmẹ́ǹtì ní ebúté oríṣiríṣi, ta ni mí tí màá fi kọ oúnjẹ? Ṣùgbọ́n bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá ń bu ẹja sí abọ́ rẹ, tó tún ń bi ọ́ bóyá ó tó, ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ọ̀fun wo ló máa gbé e mì? Mo parọ́ fún ọmọ mi. Irọ́ náà ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ọmọ náà gba ẹ̀bi rẹ̀ níṣojú mi, èmi sì jókòó síbẹ̀, mò ń yọ egungun ẹja lẹ́nu. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí ẹnu mi kò tíì gbà á láti rò ó fún un.

Orímisàn lorúkọ rẹ̀. Òun nìkan ni mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Òde Mahin, tí mo ní mò ń lọ wá iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta náà di ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, ọkùnrin tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀nà, ọ̀nà ló kù tó máa ń darí rẹ̀. Mo ṣọ́ ilé ìkẹ́rù ní Wàrì, mo gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì l'Ékòó, mo dé Kútọnu, níbi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀ àti bí a ṣe ń tò ó padà, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń kó mi ní ìkó lórí bí ẹni ń kan ìṣó. Ìyá Orímisàn kú, mi ò sí nílé. Ọmọ náà jáde ìwé, mi ò sí nílé. Nígbà tí mo wá padà dé pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, tí ṣòkòtò méjì, tọ́ọ̀ṣì kan àti àwọn sídì mélòó kan wà nínú rẹ̀, mo dúró lórí àtẹ̀gùn pákó ilé rẹ̀, omi ń lọ lábẹ́ mi. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Kò bi mí ní ibi tí mo lọ. Títí di òní, kò tíì bi mí.

Iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń ṣe ni pé ó ń gbé àwọn oníṣòwò etí omi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń yan ẹja, àwọn tó ń hun ẹní, àwọn tó ní ọkọ̀ elérò, ó ṣe ojú ìwé fún kálukú wọn, kí oníbàárà tó wà ní Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn lè rí ọjà wọn kó sì bèèrè rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, inú ẹ̀rọ àwọn àjèjì ló ń gbé ojú ìwé wọ̀nyí sí, ó wá pinnu pé òun fẹ́ ní ẹ̀rọ tòun. Sáfà ni wọ́n ń pè é: kọ̀ǹpútà tí a kì í pa, tó ń dá gbogbo ẹni tó bá kàn án lóhùn tọ̀sán-tòru. Ó gbé e sí yàrá kejì, ó so ó mọ́ bátìrì sólà. Ó ku ètò adarí. Ìyẹn ni ohun tí a kọ́kọ́ ń fi sínú ẹ̀rọ, òun ló máa ń sọ fún un bó ṣe máa ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó dára tí kò ní atukọ̀, ibi tí ìgbì bá gbé e lọ náà ló ń lọ. Orúkọ èyí tó fẹ́ wà létè ọmọ mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó pè mí wọ yàrá náà, ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, ẹ bá mi yan èyí tó dáa." Ẹ̀yin èèyàn! Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ mi bẹ̀ mí nìyẹn láti ìgbà tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n pọn òun. Àyà mi wú bí ìgbòkun.

Línúsì ni òun ń fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní. Ó ní kò ní jẹ agbára bátìrì wa púpọ̀, ó ní àtúnṣe rẹ̀ ń wá déédéé, àti pé bí ihò bá yọ lára rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń sáré dí i. Èmi fẹ́ èkejì, èyí tí à ń sanwó fún, tó ní àwòrán tí a lè tẹ̀, torí òun ni mo mọ̀. Ṣé mo lè sọ pé torí òun nìkan ni mo mọ̀ ni? Rárá o, àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé jáde. Nígbà tí mo wà ní kékeré, lẹ́yìn ìjì kan, bàbá mi rí ọkọ̀ tó ń léfòó láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ló ṣe é: ó so ó mọ́ òpó, ó so màrìwò mọ́ iwájú rẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ pé à ń retí ẹni tó ni ín. Ọkọ̀ tiwa ń jò nígbà yẹn, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ti inú màrìwò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù kan kí ọkùnrin kan tó ti Molútẹ̀hìn wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tú màrìwò náà, torí a kì í bá ẹlòmíràn tú u. Ẹni tó bá sì ti tú u, ẹnikẹ́ni kì í bi í bó ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá mi fún un ní omi mu, ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Mo wá na ìka sí ọmọ mi. Mo ní, "Ohun tí kò ní owó lórí, ó ní ẹni tó ni ín. Línúsì rẹ yẹn, ọkọ̀ tó ń léfòó ni. Lọ́jọ́ tí olóhun rẹ̀ bá dé, kí lo máa wí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, kò léfòó o. Àwọn tó kàn án wà láyé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tó bá wù máa wà á, kí ẹni tó bá lè tún un ṣe máa tún un ṣe."

"Ta ló máa fi òógùn rẹ̀ kan ọkọ̀, táá ní kí gbogbo ayé máa wà á lọ́fẹ̀ẹ́? Àfi wèrè!"

"Wèrè wọn pọ̀ láyé o, Bàbá. Àwọn ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ró."

"Ìwọ lo mọ̀wé, èmi ni mo mọ ayé."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa, tiyín la máa ṣe." Mo rò pé mo borí nígbà yẹn. Òní ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe pé mo borí, ó fẹ́ fún bàbá rẹ̀ ní ibi ìjókòó ni.

Ó bi mí pé, "Ìwé àṣẹ rẹ̀ ńkọ́?" Ibẹ̀ ni irọ́ ti wọlé. Mo ní, "Mo ti rà á ní Kútọnu, ó wà lọ́wọ́ mi." Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni sídì kan tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà, tí àwọn kan ti já àgádágodo rẹ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ láìsí ìwé àṣẹ. Ó ti pẹ́ nínú àpò mi, mo ti fi í sínú ẹ̀rọ tí mi ò lè ka iye rẹ̀, ó ti wá dà bí ogún bàbá mi lójú mi. Àbí ẹ ò rí ìran! Èmi tí mò ń fi màrìwò dẹ́rù ba ọmọ lórí ohun tí olóhun fún gbogbo ayé, ọkọ̀ olè gan-an ni mo gbé wọ ilé rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ náà bá ń gba àtúnṣe, àṣírí á tú, mo bá pa ọ̀nà àtúnṣe náà. Mo tún ní kó jẹ́ kí dísìkì tó ń da ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí máa wà lára ẹ̀rọ nígbà gbogbo, kó má bàa máa dààmú.

Fún oṣù mẹ́jọ, mo jẹ ayé bàbá. Ẹni tó bá wọlé, Orímisàn á nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, á ní, "Bàbá mi ló yàn án o." Alhaja Sáfù ló máa ń gbọ́ ọ jù. Alhaja ń ta edé àti ẹja yíyan, òun ni oníbàárà ọmọ mi tó dàgbà jù. Àràrọ̀mí ló ń gbé tẹ́lẹ̀ kí òkun tó gbé ilé rẹ̀ lọ. Àwòrán ilé náà, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé lórí ìjókòó níwájú ilẹ̀kùn, wà lójú ìwé rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló sì kù sí láyé. Fóònù tó fi yà á ti bọ́ sómi. Ó máa ń wá wò ó lọ́jọ́ Jímọ̀, á sì máa bú mi: "Bàbá Orímisàn, ẹsẹ̀ yín tó ń rìn kiri náà ló kó ọgbọ́n yìí wálé? Ẹ bá tètè kó o wá!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jí, a bá ọ̀rọ̀ kan lójú ẹ̀rọ náà. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti wọlé, wọ́n ti ti gbogbo ojú ìwé pa, wọ́n ní ká wá ra kọ́kọ́rọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Dísìkì tí ẹ̀dà wà nínú rẹ̀, bó ṣe wà lára ẹ̀rọ, wọ́n ti ti òun náà pa. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń mì. Èmi mọ ihò tí wọ́n gbà wọlé. Ọwọ́ mi ló ṣí i sílẹ̀.

Alhaja dé lọ́sàn-án. Orímisàn ti gbé oúnjẹ fún mi tẹ́lẹ̀, ẹja wà lẹ́nu mi. Nígbà tí ọmọ mi rò ó fún un tán, Alhaja ní, "Òkun gbé ilé mi. Ẹ̀rọ tún wá gbé àwòrán rẹ̀." Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni ìbá sàn kó bínú. Ọmọ mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, Alhaja. Èmi ni mi ò ti ilẹ̀kùn dáadáa. Ẹ má bínú sí bàbá mi, iṣẹ́ èmi ni." Ẹ gbọ́ o! Àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àyè náà fẹ̀ tó ẹnu òkun. Mo gbé ẹja mì.

Lọ́jọ́ kejì, ó nu ẹ̀rọ náà nù pátápátá, ó fi Línúsì sí i. Ó fa àpótí kan sún mọ́ tirẹ̀, ó ní kí n jókòó. Kò sí àwòrán níbẹ̀, ojú dúdú lásán àti lẹ́tà funfun. "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìka yín kò ní jóná." Ó ń pe ọ̀rọ̀ náà fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mò ń fi ìka kan wá a kiri bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo, ó ń rẹ́rìn-ín mi. Nígbà tí àtúnṣe àkọ́kọ́ wọlé, tí gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lójú ẹ̀rọ bí omi ọ̀sà, ó gbá mi léjìká. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni kí n máa wo àtúnṣe láràárọ̀, kí n sì máa yọ dísìkì ẹ̀dà kúrò lára ẹ̀rọ. Kọ́kọ́rọ̀ ilé rẹ̀ ló tún gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn! Ó ń tún ojú ìwé àwọn èèyàn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń padà bọ̀. Àwòrán Alhaja kò lè padà.

Ọjọ́ kẹfà rèé, Orímisàn fọ aṣọ mi. Mi ò rántí pé sídì náà, tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò nílò ìwé àṣẹ, wà lábẹ́ ṣòkòtò mi kejì nínú àpò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ yàrá ẹ̀rọ láti wo àtúnṣe. Sídì náà wà lórí pẹpẹ, lókè sáfà. Orímisàn ti fi màrìwò tútù so ó yí ká.

Ó pè mí láti inú ilé ìdáná pé oúnjẹ ti délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó ń nu eruku pẹpẹ yẹn, ó ń nu yí i ká, kò fọwọ́ kàn án. Ó ń retí ẹni tó ni ín. Ìtàn tí mo fi ṣe agídí sí i ni ọmọ mi gbé padà fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ báyìí, mo sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: bí mo bá tú u, kò ní bi mí léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yan ètò fún ẹ̀rọ yín, ẹ wo ẹni tó fún yín kí ẹ tó wo iye tó jẹ́. Ọ̀fẹ́ kì í ṣe olè, ohun tí a fowó rà náà sì lè jẹ́ ti olè. Ìyẹn ni mo rí kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, tí ẹ sì ti ṣẹ ọmọ yín rí, ìbéèrè tèmi kò sí lórí ẹ̀rọ. Ọkùnrin Molútẹ̀hìn ọjọ́sí kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ó kàn tú màrìwò rẹ̀ ni, wọ́n fún un ní omi mu. Ṣé kí èmi náà tú u kí n dákẹ́ ni, tàbí kí n kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ nílé Alhaja? Ọ̀rọ̀ wo ni kí n bá ọmọ mi sọ ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Màrìwò náà ti ń gbẹ.