Àpótí Ìwé Akínrẹ̀mí

Ọlámigòkè ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ tó wà nínú òun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dùbúlẹ̀ sọ. Ọdún mẹ́sàn-án lòun ti fi dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó tó gẹ́ẹ́, kí òótọ́ jáde kí òun tó kú. Sharon, ọmọ rẹ̀, fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni, nílé wọn ní Ogunu, ní Warri. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, àwọn dókítà sì ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Jemima, obìnrin Ìlàjẹ tó ránṣẹ́ pè, jókòó sétí ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tí kò ní í pẹ́.

"Jemima," ó ní, "àpótí ìwé bàbá ńlá yín kò sọnù. Ọ̀dọ̀ mi ló wà nígbà náà. Irọ́ ni mo pa."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nípa àpótí náà nínú àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja létí omi Ubeji. Akínrẹ̀mí, bàbá tó bí bàbá wọn àgbà, jẹ́ olùkọ́ni Bíbélì tó wa ọkọ̀ láti Màhín dé ibẹ̀ lọ́dún 1893. Ó máa ń kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀ nílé, ó sì máa ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí lójoojúmọ́ sínú ìwé kékeré kan: ibà, òjò, ẹja, orúkọ ẹni tó kú. Inú ìwé yẹn ló kọ ọ́ sí pé àgbà tó ni etí omi fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ fún òun àti àwọn apẹja rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má lé wọn. Lọ́dún 1999, nígbà tí wọ́n ń sun ilé kiri Warri, Jemima àti Elisha ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àpótí náà sá wá bá Ọlámigòkè, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Okumagba Layout. Wọn ò tilẹ̀ ní kó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ará ilé ni wọ́n pè é.

"Ẹ ò mọ̀ pé mo kórìíra Elisha," ni Ọlámigòkè wí. "Ìwọ Jemima, o rántí ọdún tí mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọ, lẹ́yìn tí ìyá Sharon kú. Elisha dúró lójú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, 'Ìjẹ̀bú tó ń bì nínú ọkọ̀ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ omi!' Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in. Ẹ wo bí mo ti kéré tó! Nítorí ẹ̀rín."

Nígbà tí ìjà tún bẹ́ lọ́dún 2003, àwọn tó gbé ìbọn ní kí àwọn àjèjì kúrò létí omi. Àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀ wọ́n, wọ́n gba ààyè títí di ọjọ́ Monday: bí àwọn Ìlàjẹ bá ní ìwé, kí wọ́n mú un wá. Jemima sáré lọ bá Ọlámigòkè. Ọlámigòkè ní àpótí náà ti sọnù. Wọ́n mú un dé iwájú àwọn àgbà, ó gbọ́wọ́ lé Bíbélì, ó búra.

"Papa!" Sharon pariwo. "You put hand for Bible?"

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọ̀sán Sunday, Elisha nìkan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá Gòkè, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ má wò ó. Ẹ bá wa wá a.' Àpótí náà wà lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ mi ń kàn án bí ó ti ń bẹ̀ mí. Mo ní, 'Elisha, má sá o. Ẹni tó bá sá ti jẹ̀bi. Dúró ti ilé yín, lọ́la màá gbé ìwé náà wá.' Mo mọ̀ pé mi ò ní í lọ. Mo mọ ohun tó ń bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó sá àsálà sọ pé ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n bá Elisha. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń kígbe pé, "Abeg, book dey come! Book dey come!" títí ìbọn fi dún.

Jemima dìde. "Mo bẹ Elisha kó jẹ́ ká jọ sá lọ. Ó ní ẹnì kan ló ní kóun dúró. Kò dárúkọ ẹni náà fún mi." Ó wọn ẹsẹ̀ méjì wọlé. "Ìwọ ni."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, Jemima kò pè é ní ìwọ rí.

"Èmi ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀rù bà mí, mo dáná sun àwọn ìwé náà lẹ́yìn ọ́fíìsì. Àwọn lẹ́tà tètè jó. Ìwé kékeré náà kọ̀, igi ni mo fi ń tú u kó lè ráná. Jemima, dárí jì mí. Sharon, ìwọ tó o ṣì kéré, bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, sunkún, bú wọn, má gbé e sínú."

"Mi ò ní ìdáríjì fún ọ," Jemima ní. "Ṣé o kà wọ́n kó o tó sun wọ́n?"

"Mo kà wọ́n. Léraléra."

Jemima gba ìwé àti báírò lọ́wọ́ Sharon. Ó kọ gbólóhùn kan sókè ìwé náà, ó sì kà á sí Ọlámigòkè létí: "Ẹnu ẹni tó pa Elisha ni mo ti gbọ́ èyí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti fún wa nílẹ̀."

Ọlámigòkè pa ojú dé. Ó rántí pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, pé obì mẹ́rin ni wọ́n pa, pé ibà ń ṣe Akínrẹ̀mí, ó sì gbára lé ọ̀pá bí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀. Jemima ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí Ọlámigòkè fi débi orúkọ àgbà tó fún wọn nílẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Orúkọ náà ti lọ," ó ní.

Jemima dúró dè é títí oòrùn fi wọ̀. Ó padà wá ní Monday, ó tún dúró. Ní Tuesday, ó bá èrò nínú ilé, Sharon ń sunkún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ìwé tó kọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí di òní, àlàfo ìlà kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè dí i mọ́.