Ohun Tó Ń Lù Nínú Ikùn Mi

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì nínú ikùn mi. Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ lónìí.

Mo kọ́kọ́ rò pé gáàsì ni. Nígbà tí kò lọ, mo lọ ya sikáànù ní Ìkòtún. Dókítà ní iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹsẹ̀ ló wú, bí ìgbà tí tíúbù kẹ̀kẹ́ bá yọ gẹ̀gẹ̀. Bó bá bẹ́, mo lè má dé ọsibítù.

Àwọn ìyá aládùúrà wa gbé òróró wá sílé mi ní Baruwa. Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é: a ó da òróró síbi tó ń dunni, a ó máa tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀tá lè jáde. Màmá Dékúnlé, olórí wọn, fọwọ́ kan ikùn mi, ó pariwo.

"Yéè! Ó ń rìn, Tísà! Ẹ dùbúlẹ̀ jàre, ká tẹ̀ ẹ́ jáde!"

"Màmá, kò rìn. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń lù. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, orí ni kí ẹ gbé ọwọ́ lé."

"Àbí ìgbàgbọ́ yín ò le mọ́ ni?"

"Ìgbàgbọ́ mi le, Màmá. Iṣan yẹn ni kò le."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò kúrò lórí àga títí wọ́n fi gbé ọwọ́ lé orí mi. Àdúrà ọjọ́ náà, ha! Ilẹ̀ mì.

Dókítà ní ọkàn mi lè má gba kí wọ́n la ikùn mi. Ọ̀nà kan ṣì wà, kí wọ́n gba inú iṣan itan wọlé, àmọ́ ẹ̀rù ń ba Bùsáyọ̀, àkọ́bí mi.

"Daddy, ẹ jẹ́ ká ṣì ní sùúrù."

"Iṣan yìí kò ní sùúrù, ọmọ mi. Mò ń lọ."

Ní ọsibítù, wọ́n lu ihò kékeré síbi tí itan ti pàdé ikùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ti sténtì wọlé: wáyà tí a hun bí igèrè, tí a fi aṣọ bò, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá láìkan ibi tó wú. Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú kí n má bàa mọ ìrora, àmọ́ n kò sùn. Mò ń kọrin nínú ọkàn mi. Nígbà tó yá, dókítà ní, "Bàbá, ó ti jókòó dáadáa." Halelúyà! Wọn kò la ikùn mi rárá.

Àwọn kan ní kí n má padà lọ sí ọsibítù mọ́, pé Ọlọ́run ti parí rẹ̀. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń lọ ya sikáànù, nítorí sténtì lè yẹ̀.

Ẹ bá mi yọ̀, kí ògo jẹ́ ti Olúwa. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n lára mi: kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀.