Ìlà Kejì Lára Páálí

Theophilus ni orúkọ mi, Bàbá Luke ni wọ́n ń pè mí ní kílíníìkì tí mo ti ń ṣọ́ géètì ní Bódìjà. JSS 3 ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ ṣáà kà á tán. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, mi ò lè gbé e mọ́ báyìí. Kì í ṣe Tiwátọ́pẹ́ ló ṣekú pa Islamiat. Èmi ni.

Tiwátọ́pẹ́ ni ọmọbìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa. Ó fi èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Lisp ṣe ètò tó ń ṣọ́ fíríìjì òògùn. Bí fíríìjì bá ti gbóná, tí òògùn fẹ́ bàjẹ́, fèrè á máa ké. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tó tún dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pe Lisp yẹn padà, èmi ni mo sì máa ń wà nítòsí. Ó kọ ọ́ sára páálí fún mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìlà méjì ni. Ti òkè ni clisp nìkan. Ti ìsàlẹ̀ ni clisp -norc. Ó ní, "Bàbá Luke, fáìlì kékeré kan wà tí Lisp máa ń kọ́kọ́ kà tó bá jí. Ibẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé kó wo fíríìjì, kó fọn fèrè. Tẹ́ ẹ bá tẹ ti ìsàlẹ̀, kò ní ka fáìlì yẹn. Á jí o, àmọ́ kò ní mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò jí rárá nìkan ni kẹ́ ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì pè mí." Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́, ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Fèrè yẹn le. Bó bá ti ké, kí n kó òògùn sínú kúlà, kí n sáré lọ ra yìnyín ní Àgbowó. Dókítà Ògúnsànyà tí wọ́n ni kílíníìkì á yọjú, wọn á ní, "Bàbá Luke, ṣé ẹ fẹ́ lé àwọn aláìsàn mi lọ ni?" Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Gbádérọ̀ tó ń fún àwọn èèyàn lóògùn lójú fèrèsé ló rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ kan. "Bàbá, ẹ ò ṣe tẹ tìsàlẹ̀? Fèrè á sinmi, ẹ̀yin náà á sinmi." Mo ní Tiwátọ́pẹ́ ní ká má ṣe é. Ó ní, "Tiwátọ́pẹ́ wà nílé ẹ̀ ní Àpẹ́tẹ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gba èébú." Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, fèrè dákẹ́. Mo jókòó, mo ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ̀pà, ẹ̀yin èèyàn.

Bí mo ṣe ń tẹ ìlà kejì nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kẹrin, fíúsì fíríìjì jó. Kọ̀ǹpútà ń tàn, fíríìjì ti kú, kò sí fèrè tó máa sọ. Láti Jímọ̀ di ọjọ́ Ajé, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, ni òògùn ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí i. Ó gbóná. Mo pààrọ̀ fíúsì, mo tẹ ìlà òkè padà, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ojú mi ni Gbádérọ̀ ti na ìgò kan nínú òògùn náà sí Islamiat, ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó ń jáde lọ, ó ní, "Bàbá Luke, ẹ ò bá mi ṣàwàdà lónìí." Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín wa. Mo lè dá a dúró. Mo dìde, mo ṣí géètì fún un.

Òògùn yẹn ò ràn án. Ọjọ́bọ̀ ló kú.

Èyí tó burú jù ló kàn. Kí Dókítà tó kó wa jọ láti wádìí ìdí tí òògùn fi bàjẹ́ tí fèrè ò sì ké, mo mú réésà, mo gé ìlà ìsàlẹ̀ kúrò lára páálí. Tiwátọ́pẹ́ bi mí níṣojú gbogbo wọn, "Bàbá Luke, ẹ jọ̀ọ́, ìlà wo lẹ tẹ̀?" Mo ní, "Ìlà kan ṣoṣo náà ni, ọmọ mi. Bó o ṣe kọ́ mi." Ó wo ògiri títí. Gbádérọ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá Islamiat ń pe Tiwátọ́pẹ́ ní apààyàn. Ohun tí ọmọ náà sọ kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ ni pé, "Bóyá èmi ni mo ṣi fáìlì yẹn kọ."

Ní báyìí, ìtọ̀ ṣúgà ti mú èmi náà. Ẹsẹ̀ mi ti jẹrà, Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ gé e ní ọsibítù tí mo wà yìí, mi ò sì mọ̀ bóyá n ó jí. Gbogbo ìgò òògùn tí wọ́n bá gbé wá ni mo ń kọ́kọ́ gbé lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n mọ̀ bóyá ó tutù.

Mo lẹ páálí tí mo gé mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Inú Bíbélì mi ló wà látọjọ́ náà. Ẹ gbé e lọ bá èyí tó kù lára ògiri, etí wọn á ṣe déédéé. Tiwátọ́pẹ́, ọmọ mi, o ò ṣi nǹkan kan kọ. Ìyá Islamiat, ẹ dárí jì mí tẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Tẹ́ ò bá sì lè ṣe é, ẹ wá. Bẹ́ẹ̀dì kẹta ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mi ò ní sá.