Àmì Abẹ́ Ojú Màmá Àṣàkẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fìdí lélẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ìyá ọlọ́mọ, fún un lọ́mú kó dákẹ́. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lórí ìdúró.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Fótò, tí mo ti ń ya yín láti ìgbà tí a ń fọ fótò nínú yàrá dúdú lábẹ́ iná pupa, títí dé ayé kọ̀ǹpútà yìí. Ẹ̀yin àgbà sì rántí Màmá Àṣàkẹ́ tó ti lọ sinmi. Àmì àbímọ́ kan wà lábẹ́ ojú òsì rẹ̀, ó pọ́n bí epo, ó tó èékánná àtàǹpàkò.

Kó tó kú, ó wá ya fótò lọ́dọ̀ mi nínú sùtánà funfun rẹ̀. Ẹni tó bá ń ya aláṣọ funfun gbọ́dọ̀ gbọ́n: kámẹ́rà á rí aṣọ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ ojú ènìyàn di èédú. Mo gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Mo ṣí ojú lẹ́ńsì gbayawu kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ di kùrukùru, mo ní kí kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i ju bó ṣe fẹ́ lọ, mo jẹ́ kó ṣẹ́jú kíákíá kí mímì má bà á jẹ́. Ẹyinjú òsì ni mo wá dojú lẹ́ńsì sọ, nítorí bí ẹyinjú bá ti mọ́, fótò ti yè.

“Màmá, ẹ má mí.”

“Àbí kí n kúkú kú kí o tó yà mí, Sámúẹ́lì?”

A rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú náà jáde, ó dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. O lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Àmì náà sì pọ́n kedere.

Nígbà tó kú, Délé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá bá mi. Ó fẹ́ gbé ìyàwó nílùú òkèèrè, ìyàwó náà ò sì rí Màmá rí. “Bàbá, ẹ bá mi fọ ojú màámi. Àwọn àna mi ń bọ̀ wá síbi ìsìnkú, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àrùn wà nídìílé wa.” Fífọ ojú ni àwa onífótò ń pe iṣẹ́ náà. Mo fọ̀ ọ́. Mo pa àmì náà rẹ́, mo mú awọ náà mọ́ sí i díẹ̀. Mo tún wá pa fótò àkọ́kọ́ rẹ́, kí àyè lè wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo wà nínú àwẹ̀. Mo gbàdúrà ọ̀sán tán, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní níwájú pẹpẹ. Oorun ò tíì wọra tán tí ọkùnrin kan tí kò wọ bàtà fi dúró tì mí.

“Dìde, Bàbá Fótò. Wá wo iṣẹ́ ọwọ́.”

Yàrá dúdú kan ló mú mi wọ̀, tó fẹ̀ ju oko lọ. Iná pupa ń jó lókè, ọpọ́n omi tò lọ rẹrẹẹrẹ. Nínú ọpọ́n kọ̀ọ̀kan, ojú ènìyàn ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bó bá sì ti kù díẹ̀ kí a dá a mọ̀, á tún parẹ́. Wọ́n ń ké, n ò gbọ́, nítorí ẹnu wọn ò tíì yọ.

“Òpùrọ́,” ni amọ̀nà mi wí.

Mo rí ọkùnrin kan tí fótò ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Èmi ni mo ya fótò náà. Ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn opó, ó wá ní kí n ṣe òun bí ẹni jẹ́jẹ́. Iná ń jó o, ó ń ké, fótò ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kọjá ń wí pé, “Ara mà tu bàbá yìí o!” Kò sẹ́ni tó ṣàánú rẹ̀.

“Aninilára.”

Òmíràn gé ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú fótò ìgbéyàwó, ó fi àlè rọ́pò. Ó ń rìn kiri, ó fọwọ́ kọ́ ihò tí sísọ́ọ̀sì gé, etí ihò náà sì ń ya á níhà bí abẹ. N ò dúró kí amọ̀nà pe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tèyí fún mi.

Lẹ́yìn wọn ni mo rí àwọn onífótò ẹgbẹ́ mi lórí àpótí, olúkúlùkù ń yí lẹ́ńsì, ìyá tó bí wọn ló dúró níwájú wọn, kò mọ́, ó ń ṣe bàìbàì, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, ìka wọn ti bó, àpótí kan sì ṣófo, kámẹ́rà kan wà lórí rẹ̀, okùn rẹ̀ pupa, mo mọ okùn náà, ìyàwó mi ló rán an, mo fẹ́ sá ẹsẹ̀ ò gbé, mo fẹ́ pe Jésù ahọ́n ò yí, àpótí ń sún mọ́ mi, tàbí èmi ni mò ń sún mọ́ ọn, n ò mọ̀, ẹ̀yin ará, n ò mọ̀!

Amọ̀nà fà mí lápá. “Kò tíì yá,” ló wí.

Ibi tí a yọ sí, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dà bí ti àárọ̀ ọyẹ́, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ kan bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn olóòótọ́ jókòó, wọ́n ń sinmi. Aṣọ wọn funfun, síbẹ̀ kò pa ojú ẹnikẹ́ni. Ilà, àpá, ojú tó hunjọ, gbogbo rẹ̀ hàn.

“Ta ló to ìmọ́lẹ̀ yìí?”

“Ẹni tó ní kó wà.”

Màmá Àṣàkẹ́ wà láàrin wọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo abẹ́ ojú òsì.

“Sámúẹ́lì, o ti darúgbó.”

“Màmá, kí ló ṣe yín lójú?”

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ẹran pupa ni mo rí, awọ ti bó.

Amọ̀nà ní, “Ó fi àmì rẹ̀ ta ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Wọ́n ń fọ̀ ọ́ nílé ayé. Ibi tí wọ́n fọ̀ lọ́hùn-ún ló ń ta á níhìn-ín.”

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní kámẹ́rà. Ó fún mi. Mo ṣí ojú lẹ́ńsì, mo wọn ìmọ́lẹ̀, mo wá ẹyinjú òsì, ó mọ́ kedere. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kò dún.

“Ẹ dákun, ojú rẹ̀ ni mo kàn fọ̀!”

“Fọ̀ kọ́,” ni amọ̀nà dáhùn. “ Fọ́ ni. O fọ́ ojú tí wọn ì bá fi dá àmì ọmọ náà mọ̀.”

Màmá ní, “Má sunkún mọ́. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n fi ojú ọmọ mi sílẹ̀.”

Mo jí. Omijé ti rin ẹní.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé Délé. Mo bá Bọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ó gbé Yétúndé, ọmọ wọn, sẹ́sẹ̀, ó ń fi ìpara tó ń bóra ra àmì abẹ́ ojú òsì rẹ̀. Délé jókòó tì wọ́n. Ọmọ ń ké. Awọ ti ń bó.

“Ìyàwó wa, dáwọ́ dúró. Àmì Màmá nìyẹn.”

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Màmá wo? Ẹ wò wọ́n lára ògiri, ojú wọn mọ́ bíi dígí. Ẹ̀yin náà lẹ yà wọ́n.”

“Èmi ni mo pa àmì náà rẹ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Mo lè ka irun ìpéǹpéjú wọn níbẹ̀. Kí lẹ wá pa rẹ́?”

“Délé, sọ̀rọ̀.”

Délé wo ògiri, ó wo ìyàwó rẹ̀. “Bí fótò ṣe wà nìyẹn, Bàbá.”

Iṣẹ́ ọwọ́ mi dára jù, ó borí ẹnu mi.

Nítorí náà, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má fọ ojú tí Ọlọ́run yà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní fótò Màmá, ìbáà ṣe bàìbàì, ìbáà ti ṣá, ìbáà jẹ́ etí fótò ẹlòmíràn ló wà, ẹ bá mi mú un wá. Èmi tí mo máa ń fi fótò bàìbàì ṣẹ̀sín, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń tọrọ rẹ̀.

Délé jogún ilé. Bọ́lá jogún aṣọ sányán Màmá. Ògiri jogún fótò tó mọ́ kedere. Yétúndé jogún àmì, egbò sì ti ń bò ó. Ogún tèmi ń bẹ lọ́hùn-ún: àpótí òfo kan, okùn pupa lórí rẹ̀.