Wáyà Aláwọ̀ Ilẹ̀kùn

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hello. Ṣọ́ọ̀bù onírédíò nìyí.

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò. Èmi ni. Télọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀ tó ń rán wáyà. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Màmá—

TÉLỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, aago ẹnu ọ̀nà tí ẹ kọ́ mi ṣe, kò dún.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò dún báwo? Ìwọ náà lo pè mí lánàá pé ariwo rẹ̀ fẹ́ di ẹ́ létí.

TÉLỌ̀: Lánàá nìyẹn. Lónìí, ilẹ̀kùn ṣí, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa, fara balẹ̀. Oníbàárà kan dúró síwájú mi, ó fẹ́ gba rédíò rẹ̀. Jẹ́ kí n pè ẹ́ padà—

TÉLỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sílẹ̀. Please.

[Òjò lórí páànù. Ohùn ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní mítà rẹ ńkọ́?

TÉLỌ̀: Ó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Fi wo bátìrì. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Kí ló kà?

TÉLỌ̀: Méjìlá, ó lé díẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ara bátìrì le nìyẹn. Tú èyí tó máa ń ké yẹn, fi kan bátìrì tààrà.

[Ariwo tín-ínrín kan. Ó dákẹ́.]

TÉLỌ̀: Ó dún.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ. Ọ̀fun rẹ̀ ò dí. Dá a padà síbi tó wà. Ó yá, ti ilẹ̀kùn, kí o tún ṣí i.

TÉLỌ̀: Mi ò fẹ́ tì í.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bí o ò bá tì í?

TÉLỌ̀: Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Nínú òjò yìí? Ṣé òjò ò ti máa fọ́n sórí aṣọ àwọn oníbàárà rẹ?

TÉLỌ̀: Ó ń fọ́n sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí o ṣí i sílẹ̀, télọ̀?

TÉLỌ̀: Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n má bá a ní títì.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn ta ni?



TÉLỌ̀: Màmá mi.

[Àga kan wọ́ nílẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá jáde?

TÉLỌ̀: Láti àárọ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ wá ń bi mí ní ọ̀rọ̀ wáyà? Ju gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wá màmá rẹ lọ.

TÉLỌ̀: Àwọn èèyàn ń wá wọn. Ìyàwó mi ti jáde, ọkọ àbúrò mi gun alùpùpù lọ, gbogbo ará ilé ló wà níta. Ọlọ́pàá ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí èmi jókòó sílé, pé bí màmá bá padà, ojú tí wọ́n mọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè káwọ́ gbera.

Ẹ̀GBỌ́N: Níbo ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń lọ?

TÉLỌ̀: Ilé ìwé. Láti ìgbà tí ìgbàgbé yìí ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé náà ni. Wọ́n á ní ọmọ àwọn ti jáde, kò sẹ́ni tó máa mú un wálé. Èmi lọmọ náà. Mo máa ń sọ fún wọn pé, Màmá, èmi rèé, ẹ wò mí, orí mi ti ń pá. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé o, télọ̀. Ẹ bá mi wo ilé, mò ń bọ̀."

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ti dé ilé ìwé ọ̀hún?

TÉLỌ̀: Wọ́n ti wó o tipẹ́. Títì ńlá ló gba ibẹ̀ kọjá báyìí. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù—

[Ohùn já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀? Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: —kò sẹ́ni tó rí wọn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà sọ ohun tó ṣe aago yìí fún mi. Kí n ṣáà mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: [Sí ẹlòmíràn.] Ẹ má bínú, ẹ padà wá lọ́la. Mo ní lọ́la. [Sínú fóònù.] Ó dáa. Súwíìṣì kékeré tó wà lára férémù, èyí tí irin òòfà ilẹ̀kùn máa ń kọjú sí. Ó ní nọ́ọ̀tì méjì. Tú wáyà tó ti inú ilé wá sí ọ̀kan nínú wọn. Èyí tó bá wù ẹ́.

[Ariwo tín-ínrín, kò dáwọ́ dúró.]

TÉLỌ̀: Ó ń dún. Ẹ̀gbọ́n, ó ń dún.

Ẹ̀GBỌ́N: So ó padà.

[Ariwo dákẹ́.]

TÉLỌ̀: Ó dákẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí, àbí?

TÉLỌ̀: Gbayawu.

Ẹ̀GBỌ́N: Síbẹ̀ aago gbà pé ó wà ní títì. Ẹ̀bi ò sí lọ́dọ̀ bátìrì, kò sí lọ́dọ̀ pátákó tí a to wáyà aago sí nínú ilé. Ibi tí o dúró sí yẹn gan-an ni. Kí ló wà láàárín nọ́ọ̀tì méjèèjì?

TÉLỌ̀: Kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Má fojú wò ó. Fọwọ́ pa á.

[Òjò. Èékánná ń họ igi.]

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Wáyà ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Wáyà wo?

TÉLỌ̀: Èyí tí mo fi pa á lẹ́nu mọ́ lánàá, nígbà tí mò ń tún inú ẹ̀ ṣe. Ẹ ní kí n fi wáyà kan so nọ́ọ̀tì méjèèjì pọ̀, pé á rò pé ilẹ̀kùn wà ní títì, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì ní kí o lo pupa. Kó gùn, kó máa fì lẹ̀lẹ̀, kí ojú rẹ má lè fò ó.

TÉLỌ̀: Pupa ò bá ara ilẹ̀kùn mu.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo wí?

TÉLỌ̀: Aláwọ̀ igi ni ilẹ̀kùn. Mo wá wáyà tó bá a mu. Mo gé e ní ìwọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, bí a ṣe ń fi òwú bá aṣọ mu. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá dúró síbí, ẹ ò ní rí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Háà, télọ̀.

TÉLỌ̀: Ẹnu ọ̀nà yìí ni máṣíìnì mi wà tẹ́lẹ̀. Màmá ò lè jáde kí wọ́n má fara kàn mí. Ìgbà tí a ṣe aago tán ni mo gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, mò ń rán ṣòkòtò. Mo ní aago ń ṣọ́ wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi náà, mi ò pè ẹ́ padà kí n bi ẹ́ pé ṣé o ti yọ ọ́. Mo máa ń bi gbogbo èèyàn. Lánàá, mi ò bi ẹ́.

TÉLỌ̀: Ẹ má wí bẹ́ẹ̀. Mo ti yọ ọ́ báyìí. Ẹ gbọ́.

[Ariwo tín-ínrín.]

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Pa á.

TÉLỌ̀: Rárá. Wọ́n mọ ohùn ẹ̀. Bó bá ti ń dún, ṣe ni wọ́n máa ń padà wọlé wá bú mi, pé ẹyẹ mi ló ń ké, kí n lọ fún un lóúnjẹ. Báwo la ṣe lè mú un dún dé títì?

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí ò lè kọjá yàrá kejì.

TÉLỌ̀: Họ́ọ̀nù alùpùpù kan wà nínú páálí mi, ògbólógbòó. Kí n so ó dípò—

Ẹ̀GBỌ́N: Má so ó mọ́ pátákó yẹn. Agbára ẹ̀ pọ̀ jù, á jó o.

TÉLỌ̀: Ẹ bá mi ya bí a ṣe máa to wáyà mìíràn nígbà náà. Ẹ máa sọ, mo ti mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń ya aṣọ, màá yà á sórí tábìlì.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí ohun tí a fẹ́ yà. Wáyà méjì láti bátìrì, ó tán. Ọwọ́ rẹ ni súwíìṣì. Fi kàn án, yọ ọ́. Fi kàn án, yọ ọ́. Má jẹ́ kó pẹ́, bátìrì yẹn kéré.

[Họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù.]

TÉLỌ̀: Ṣé ẹ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́.

TÉLỌ̀: Ṣé ó lọ jìnnà?

[Òjò le sí i.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń lọ. Máa ṣe é.

[Họ́ọ̀nù.]

TÉLỌ̀: Ìyàwó mi ló ń bọ̀ yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Òun àti ta ni?

[Họ́ọ̀nù.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Òun àti ta ni?

TÉLỌ̀: Òun nìkan. Ó ń mi orí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Ó dáa.

[Họ́ọ̀nù, ó wálẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ṣàìsàn.]

TÉLỌ̀: Bátìrì ti ń rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bó bá kú, kí ni mo tún lè so?

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀, fetí sí mi.

TÉLỌ̀: Mò ń fetí sí yín. Kí ni mo tún lè so?

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kí ìyàwó rẹ gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ rẹ. Jókòó. Ṣé o gbọ́ mi?

[Họ́ọ̀nù, díẹ̀ ló kù kó má jáde mọ́.]

TÉLỌ̀: Mi ò gbọ́ o, ẹ tún un sọ. Wáyà wo? Wáyà wo lẹ ní kí n—

[Ìlà já.]