Ẹja Odò Kejì Ni Mo Dà Sínú Odò Wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi. Bó bá máa tì mí lójú, kó tì mí lójú, mo fẹ́ wí i. Èmi Fumie, tí mo ń tọ́ ọmọ ẹja sámọ́nì lábúlé wa ní erékùṣù Hokkaido, èmi ni mo ba Bàbá Iwakichi lórúkọ jẹ́, bàbá ọkùnrin tí mo fẹ́ràn ju ara mi lọ.

Lóṣù kẹta ọdún kan, mo sé omi tó ń ṣàn wọ táǹkì àwọn ọmọ ẹja kí n lè fọ asẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìgbà náà ni lẹ́tà Sadao, ọmọ Bàbá Iwakichi, dé láti ojú òkun tó ti ń ṣiṣẹ́: “Bí àwọn ẹja rẹ bá padà wálé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, èmi náà á wá fẹ́ ọ.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi lé àyà, mo gbàgbé láti ṣí omi padà. Kí n tó padà débẹ̀, gbogbo wọn ti yí ikùn funfun sókè. Òmùgọ̀ ni mí.

Mo sáré lọ bá Bọ̀dá Genzo, tó ń tọ́ ẹja ní odò kejì, lẹ́yìn òkè. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìfẹ́ ti fọ́ ọ lójú, Fumie. Wá kó lára tèmi.” Mo ní, “Bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?” Ó ní, “Ta ló fẹ́ bi ẹja pé ọmọ ta ni?” A fi ọkọ̀ kó wọn wá, a dà wọ́n sódò wa, wọ́n sì bá omi lọ sókun.

Ṣùgbọ́n sámọ́nì kì í gbàgbé omi tí wọ́n fi tọ́ ọ; bó bá dàgbà tán lókun, odò omi náà ló máa ń padà sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ẹja ń gun ara wọn lódò Bọ̀dá Genzo. Tiwa dá wáí. Nínú ìpàdé abúlé, alága ní, “Àwọ̀n Iwakichi ló wà lẹ́nu odò. Òun ló kó wọn jẹ.” Bàbá Iwakichi kọjú sí mi. “Fumie ọmọ mi, ìwọ lo tọ́ wọn. Ṣé kò sí ohun tó ṣe wọ́n kí wọ́n tó lọ?” Sadao ti dé láti òkun, ó dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, “Kò sí, Bàbá.”

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ká àwọ̀n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń kó kúrò lábúlé, Sadao di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Mi ò lè gbéyàwó níbi tí wọ́n ti pe bàbá mi lólè.” Kò mọ̀ pé ọwọ́ olè gan-an ló dì mú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbọ́ pé Bàbá ti kú sí ìlú onílùú. Lánàá mo dúró níwájú ìpàdé, mo wí gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó kí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ìfẹ́ ń pa bí ọtí, ẹ tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe nígbà tó ṣì kéré. Sadao, bó ò bá lè forí jì mí, mi ò ní bá ọ jà. Ṣáà gbé egungun Bàbá wálé. Wọ́n ti mọ̀ pé kò jalè.