Ẹsẹ̀ Òsì Tí Abọ́dúnrìn Wọ́ Wọ̀lú

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó ṣì ń lọ roko fún àna rẹ̀ kí wọ́n tó fún un lọ́mọ, ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àfọ̀n tó ń jẹ́ Abọ́dúnrìn. Òun ni baba ńlá wa. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má kọ̀yìn sí mi. Mo rí ohun tí ẹ fi àwọn ará ilé ìyàwó ṣe nígbà tí wọ́n ń jó lójúde wa láàárọ̀. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi pè yín jọ.

Abọ́dúnrìn mọ ijó. Ẹ̀ẹ́, ó mọ̀ ọ́n jó! Bó bá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, tó gbé àyà síwájú, tó ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tó ni gbogbo ilẹ̀, ojúde a pa lọ́lọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Òkè-Àfọ̀n ń jó, wọ́n ń kó ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ijó ọlọ́lá ni, pé ìran tí kì í ru ẹrù ni àwọn.

Ìlú mẹ́ta ló ń pàdé lọ́dún iṣu tuntun: Òkè-Àfọ̀n tiwa, Igbó-Ẹfọ̀n, àti Ẹ̀bá-Odò. Lọ́dún kan, ọ̀rọ̀ ta ni yóò kọ́kọ́ wọ agbo di ìjà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi igi fọ́ ara wọn lórí. Àwọn àgbà ní ijó tó bá dàgbà jù ni kó ṣíwájú, kí ẹnìkan lọ wádìí rẹ̀. Abọ́dúnrìn fò dìde.

"Èmi ni kí ẹ rán! Àwọn ará Ẹ̀bá-Odò tó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n so lókùn, ṣé ijó nìyẹn? Bí tiwọn bá fi lè dàgbà ju tiwa lọ, kí n wọ́ ẹsẹ̀ wọ ìlú níṣojú gbogbo yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹyin lohùn o, ẹ̀yin ọmọ: bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ìlú méjì yòókù náà gbà kó lọ, torí wọ́n mọ̀ pé kò purọ́ rí.

Ó kọ́kọ́ dé Igbó-Ẹfọ̀n. Èjìká ni wọ́n ń jó níbẹ̀, wọn kì í nàró. Ó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní inú ihò àpáta ni àwọn baba àwọn sá pamọ́ sí lákòókò ogun, kò sí àyè ìdúró, èjìká nìkan ló ṣeé mì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì mọ ẹni tó jagun náà, kò tíì pẹ́ tó. Abọ́dúnrìn ní, "Ọ̀kan ti lọ."

Ó wá dé Ẹ̀bá-Odò. Wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n gbé iṣu sísun àti epo fún un. Ó jẹun yó tán, ló bá dìde, ó ń sín wọn jẹ, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó ń yọ ahọ́n. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Yéyé Moríyìíkẹ́, tó jẹ́ olórí agbo wọn, ní, "Ọmọ mi, o wọ́ ọ dáadáa. Ṣé o mọ ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà?"

Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n.

"Ìyá wa ni. Ogun lé e, ọfà bà á lẹ́sẹ̀ òsì. Ọ̀já rẹ̀ já bọ́ sódò, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó wọ́ ẹsẹ̀ yẹn títí ó fi débí. Ibí ló kú sí. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ yẹn ló rí, òun náà ló fi ń jó. Òun ló bí wa. Èyí ọkùnrin tó pọ̀n, nígbà tó dàgbà, ó gun òkè lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́."

Abọ́dúnrìn rántí oríkì ìlú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ki baba tó tẹ Òkè-Àfọ̀n dó ní "ọmọ tí a pọ̀n láìlọ́já," kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Ọmọbìnrin rí ẹsẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn mọ ọwọ́. Ọwọ́ tí wọ́n ń kó sẹ́yìn, tí wọ́n ní ti ọlọ́lá ni, ọwọ́ ìyá tó di ọmọ mú ni! Ẹsẹ̀ tó gbé baba ńlá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ tán yìí, tòun ti iṣu wọn níkùn. Ojú tì í débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Yéyé, ẹ dákun, ẹ má bú mi."

"N ò ní bú ọ. Ṣé wàá sọ ọ́ nílé?"

Ẹ bá mi ro ọ̀nà tó gbà bọ̀ wálé. Bó bá ní tiwa ló dàgbà jù, ta ni yóò já a nírọ́? Ìlú rẹ̀ yóò ṣíwájú, wọn yóò gbé e jó. Ó dé ìdí igi àfọ̀n ẹnu ibodè, ó dúró. Ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́, òun ti já ìyá yẹn sílẹ̀ sínú odò, ìyá tí kò já ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ló bá kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì wọ ìlú.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. "Abọ́dúnrìn, kí ló ṣe ọ́ lẹ́sẹ̀?"

Ó ń jó, ó ń sunkún, ó wọ́ ọ dé iwájú ọba. Ẹlẹ́bi ní í káwọ́ pọ̀nyìn rojọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ro tirẹ̀, títí kan bó ṣe yọ ahọ́n. Nígbà tó parí, ẹ̀rín ti tán. Ọba fúnra rẹ̀ dorí kodò.

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀bá-Odò ti ń ṣíwájú wọ agbo, tí àwa ń tẹ̀ lé wọn. Abọ́dúnrìn sì fi òfin sílẹ̀ fún ilé yìí: ẹni tó bá fi ijó àlejò rẹ́rìn-ín, òun ni yóò wọ́ ẹsẹ̀ òsì láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi tí wọ́n wọ̀ sí. Yóò kúnlẹ̀, yóò bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jogún ijó wọn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi sọ ọ́ tán.

Àwọn ará ilé ìyàwó ṣì wà níbi tí wọ́n wọ̀ sí. Àyọ̀ká, má wo ẹlòmíì. Ìwọ lo sín wọn jẹ, ọmọ ọmọ mi ni ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ojú tì mí jù. Dìde, kó ọwọ́ sẹ́yìn. Má sunkún, èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ó yá, wọ́ ọ. Ẹsẹ̀ òsì ni, ọmọ mi, òsì.